Èèkàn Àpótí Ejò

Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin, ejò ló lé mi kúrò níléèwé. Kì í ṣe pé mo jẹ́ olódo, kì í ṣe pé bàbá mi kò rówó ilé-ìwé san. Ejò ni. Ọdún méjìlélógójì ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ náà, inú sì ń bí mi síbẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń sọ fún mi pé kí n gbàgbé. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Káfíńtà ni bàbá wa. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, nínú òkìtì ìyẹ̀fun pákó, ni mo ti rí òjòlá kékeré kan tó ká jọ bí okùn tí ẹnì kan gbàgbé síbẹ̀. Mo sọ ọ́ ní Ọ̀lẹ, nítorí oorun ni iṣẹ́ rẹ̀. Mo kan àpótí fún un fúnra mi, mo lu ihò sí i lára kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, mo fi awọ bàtà ògbólógbòó de ìdérí rẹ̀ mọ́ ọn, mo sì gbẹ́ èèkàn kékeré kan tí mo fi ń há ìdérí náà. Èèkàn náà le. Bí èèyàn bá tì í dé ìdí, á dún kó! Bí mo bá na ọwọ́ sí Ọ̀lẹ, á wé mọ́ ọrùn ọwọ́ mi, á gbé orí lé àtẹ́lẹwọ́ mi, á sì sinmi síbẹ̀ títí apá á fi máa ro mí. Mo pariwo káàkiri àdúgbò pé ejò mi fẹ́ràn mi. Àwọn ọmọ ń wá láti òpópónà mẹ́ta wá wò wá. Ẹnu mi yẹn ló kó bá mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ. Ó wà ní kíláàsì kẹfà, ìdánwò tó máa gbé e wọ ilé-ìwé girama sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọmọ tó mọ̀wé ni, ọmọ tó létò. Bí ẹ bá ṣí ìgò sílẹ̀, òun ló máa dé e. Bí ẹ bá gba ẹnu ọ̀nà kọjá, òun ló máa tẹ̀lé yín láti ti ilẹ̀kùn. Màámi máa ń sọ pé bí gbogbo ilé bá jó tán, ilẹ̀kùn rẹ̀ á wà ní títì, nítorí ọmọ òun yìí.

Ní àárọ̀ ọjọ́bọ̀ kan, hẹ́dímásítà ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ láti mú ṣọ́ọ̀kì, Ọ̀lẹ sì gbé orí sókè wò ó. Hẹ́dímásítà náà sanra, ṣùgbọ́n ojú fèrèsé ló bá jáde. Ariwo sọ, àwọn ọmọ ya lu ẹnu ọ̀nà, ọmọbìnrin kan ṣubú, apá rẹ̀ sì kán. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì gbé ṣọ́bìrì wọlé. Nígbà tí mo fi máa dé ibẹ̀, ṣọ́bìrì náà ń lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Wọ́n bi mí, mo ní èmi kọ́ ni mo gbé e wá. Wọ́n pe ẹ̀gbọ́n mi. Ó dúró bí ọmọ ológun, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

"Sà, èmi àti òun la jọ rìn wá. Kò gbé nǹkan kan lọ́wọ́. Ejò yẹn ló fẹ́ràn rẹ̀ jù, sà. Ó ní láti jẹ́ pé ó tẹ̀lé e ni."

Hẹ́dímásítà nu òógùn ojú rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ tí ejò ń tẹ̀lé ò ní tẹ̀lé àwọn ọmọ yòókù wọ ilé-ìwé mi mọ́."

Bó ṣe parí nìyẹn. Nígbà tí a délé, gbogbo èèyàn ń yin ẹ̀gbọ́n mi pé ó gbèjà àbúrò rẹ̀. Èmi ni Màámi nà. Lẹ́yìn tó nà mí tán, ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ejò-ń-tẹ̀lé-e. Kò tíì jáwọ́ nínú rẹ̀ dòní.

Ṣùgbọ́n kí n tó jẹun lọ́jọ́ náà, mo lọ wo àpótí Ọ̀lẹ. Ìdérí wà ní pípadé. Èèkàn wà nínú ihò rẹ̀, ó wọlé dé ìdí. Bí ọ̀rọ̀ bá rú àwọn àgbà lójú, wọ́n á ní ejò lọ́wọ́ nínú. Ọwọ́ wo ni ejò tèmi wá ní, tó fi jáde tán, tó pa ìdérí dé, tó sì ti èèkàn padà? Mo pe Bàámi wá wò ó. Ó ń yọ ìṣó lára pákó, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Ejò tó lè fẹ́ràn èèyàn, kí ni kò lè ṣe?"

Màá sọ òótọ́ níbi tó bá ti ta bá èmi náà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Wọ́n ti lé mi, ejò mi ti kú, ohun kan ṣoṣo tó kù mí kù ni pé ó fẹ́ràn mi débi pé ó tẹ̀lé mi dé ilé-ìwé. Mo gbá a mú. Mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ọjọ́ tí Bàámi kọ́ mi bí a ṣe ń há ilẹ̀kùn, tí mo ń ti èèkàn bọ ojú ihò, tó dún kó! bí ti ìgbà yẹn, ni ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là: ẹnì kan ṣoṣo nílé wa ló máa ń ti nǹkan padà. Mo sáré lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń lọ aṣọ ilé-ìwé girama rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé o ṣì ń rántí ìyẹn?"

Láti ọjọ́ náà, mo ń kí i, mo ń dáhùn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó di dókítà ẹranko, èmi di káfíńtà. Nígbà tó kọ́ ilé ìwòsàn rẹ̀, ó ránṣẹ́ pé kí n wá ṣe àwọn ilẹ̀kùn. Mo ní mi ò ráyè. Ó ra èyí tí wọ́n ti ṣe tẹ́lẹ̀. Bí òjò bá ti rọ̀, àwọn ilẹ̀kùn náà á wú, àfi kí èèyàn fi èjìká tì wọ́n. Inú mi máa ń dùn bí òjò bá ń rọ̀.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Màámi ń gbé. Ó ti pé ẹni ọgọ́rin ọdún. Ojú rẹ̀ kò ríran tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ń gbọ́ kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ohun tí mo ń fẹ́ láyé yìí kò pọ̀. Kí ẹ̀gbọ́n mi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ létí Màámi, kí Màámi tó kú. Èmi kò bèèrè ẹ̀bẹ̀, èmi kò bèèrè ẹ̀bùn.

Ọdún mẹ́jọ rèé tí oníbàárà mi kan tó ń kó lọ sí ìlú òkèèrè fi òjòlá rẹ̀ sílẹ̀ fún mi, irú àwọn kékeré tí kì í gùn ju apá méjì àgbàlagbà lọ. Mo sọ ọ́ ní Àǹtí, nítorí kò lè tìtorí ẹnikẹ́ni kánjú. Àpótí Ọ̀lẹ tí mo gbé kọ́ sára ògiri ni mo sọ̀ kalẹ̀ fún un. Mo pààrọ̀ awọ ara ìdérí, mi ò pààrọ̀ èèkàn.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo ń fá pákó ilẹ̀kùn kan nínú ṣọ́ọ̀bù, rédíò ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ni mo bá gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní kó wá dáhùn ìbéèrè àwọn tó ń sin ẹranko. Obìnrin kan pè wọlé, ó ní ejò òun máa ń wá sùn mọ́ òun láyà, pé ṣé lóòótọ́ ni ejò lè fẹ́ràn èèyàn.

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín sínú rédíò. "Ẹ má bínú sí mi o, mà. Rárá. Ooru ara yín ló ń wá. Ejò lè mọ òórùn yín, ó lè mọ̀ pé ẹ kì í ṣe ewu fún òun, ìyẹn wà. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ kọ́. Gbogbo ìtàn tí ẹ ń gbọ́ pé ejò kan tẹ̀lé olówó rẹ̀ lọ síbi báyìí, àlọ́ ni. Ejò kì í tẹ̀lé ẹnikẹ́ni."

Ohun tí mo fi ń fá pákó bọ́ lọ́wọ́ mi, ó sì ha ilẹ̀kùn oníbàárà lára. Mo jókòó sórí pákó. Ejò kì í tẹ̀lé ẹnikẹ́ni!

Ìyàwó mi yọjú láti ẹ̀yìn. Ó wo ojú mi, ó wo rédíò.

"Bàbá àwọn ọmọ, kí ni ẹ̀gbọ́n yín tún sọ?"

"Ó ní ejò kì í tẹ̀lé èèyàn."

Ó mọ ìtàn náà ju bó ṣe mọ orúkọ ìyá rẹ̀ lọ. Ó wá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Àbùṣe bùṣe. Ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ kó bá ara rẹ̀."

"Mò ń lọ síbẹ̀."

"Ẹ jẹun kí ẹ tó lọ. Ìbínú àti ebi kì í gbé inú kan náà kó má da inú rú."

Mi ò jẹun. Mo gbé Àǹtí sínú àpótí, mo ti èèkàn, mo gbé e kọ́ èjìká. Nígbà tó fi máa di aago méjì ọ̀sán, tí mo mọ̀ pé á ti padà láti ilé rédíò, mo wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn rẹ̀. Mo fi èjìká ti ilẹ̀kùn burúkú yẹn wọlé.

Obìnrin kan jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ológbò lórí itan. Màámi náà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tó máa ń jókòó sí lọ́sàn-án láti gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn.

Obìnrin náà wo àpótí èjìká mi. "Ọ̀gá, kí ló wà nínú ìyẹn?"

"Àǹtí mi ni."

"Àǹtí yín? Nínú àpótí?"

"Ejò ni."

Ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sórí bẹ́ǹṣì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Àǹtí yín jókòó lọ́hùn-ún yẹn o."

Màámi yí ojú sọ́dọ̀ wa. "Ohùn Ejò-ń-tẹ̀lé-e ni mo gbọ́ yẹn?"

"Èmi ni, Màámi. Ẹ káàsán, mà."

"Ó tún ti gbé ejò dé. Ayé ẹ ò ní gbàgbé ejò, ọmọ yìí."

Ilẹ̀kùn yàrá àyẹ̀wò ṣí, ẹ̀gbọ́n mi jáde nínú aṣọ funfun. Ó ti ilẹ̀kùn náà lẹ́yìn ara rẹ̀, ó fa ọwọ́ rẹ̀ wò bóyá ó tì dáadáa, kó tó wá rí mi.

"Àbúrò mi! O kì í sábà wá síbí. Ṣé kò sí o?"

"Ẹ káàsán, Bọ̀ọ̀dá mi. Mo gbọ́ yín lórí rédíò."

"O gbọ́? Ṣé mo sọ̀rọ̀ dáadáa?"

"Ẹ sọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ ní ejò ò lè fẹ́ràn ẹni tó ni ín. Eléyìí ti lo ọdún mẹ́jọ lọ́dọ̀ mi. Ẹ wá wò ó, kí ẹ sọ ọ́ lójú rẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó wo obìnrin ológbò bí ẹni pé òun náà lẹ́jọ́ nínú rẹ̀. Obìnrin náà ní, "Ẹ kọ́kọ́ dá Àǹtí wọn lóhùn, Dókítà. Mo lè dúró." Màámi dìde, ó di apá mi mú. Ó ní òun ń bá wa wọlé, pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́ kì í dùn ún gbọ́ láti ìta.

Nínú yàrá náà, tábìlì irin wà láàárín, òṣùwọ̀n tó ní abọ́ jíjìn wà lórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi lọ fọ ọwọ́ lábẹ́ ẹ̀rọ omi. Èéfín ń jáde lára omi náà. Mo ṣí àpótí, mo na ọwọ́, Àǹtí sì wé mọ́ ọrùn ọwọ́ mi, ó gbé orí lé àtẹ́lẹwọ́ mi bí ó ti máa ń ṣe.

"Ẹ wò ó," ni mo wí. "Kí lẹ pe èyí?"

Ó na apá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ó sì dúró. Àǹtí yọ ahọ́n, ó mú un padà. Ó yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ara rẹ̀ lọ́wọ́ mi, díẹ̀díẹ̀, láìkánjú, bí obìnrin tó ń kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé ọkọ. Ó kọjá sórí apá ẹ̀gbọ́n mi, ó wé mọ́ ọn, ó sì gbé orí lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́jọ! Mo bínú sí ejò náà bí ẹni pé ó ti búra fún mi rí.

"Omi gbígbóná ni mo fi fọwọ́," ni ẹ̀gbọ́n mi sọ, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Tìẹ tutù. Kò sí nǹkan míì ńbẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lọ́wọ́ ẹ, àbúrò mi. Fún ejò, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ kọ́."

Ó rọra gbé Àǹtí sínú abọ́ òṣùwọ̀n, ó ní òun fẹ́ mọ bó ṣe wúwo tó. Ó wo nọ́ńbà. Ó wá yí padà sí àpótí mi tó ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì, ó pa ìdérí rẹ̀ dé, ó mú èèkàn, ó sì tì í bọ ihò.

Kó!

Ejò wà nínú abọ́ òṣùwọ̀n. Àpótí ṣófo. Mo wo èèkàn náà, ó wọlé dé ìdí, bí mo ṣe bá a ní ọjọ́bọ̀ ìgbà náà lọ́hùn-ún.

"Bọ̀ọ̀dá mi, kí lẹ tì mọ́nú àpótí yẹn?"

"Kí ni?"

"Ejò ò sí níbẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kí lẹ ń há mọ́?"

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ìka rẹ̀ ṣì wà lórí èèkàn. Ó mú un kúrò bí ẹni tí iná jó.

"Àṣà lásán ni," ó ní. "O mọ̀ mí, kò sí ohun tí mi ò kì í tì."

"Mo mọ̀ yín. Ọdún méjìlélógójì ni mo ti mọ̀ yín. Mo fẹ́ kí ẹ mú ọ̀kan fún mi lónìí. Ṣé ejò lè fẹ́ràn èèyàn kó sì tẹ̀lé e? Bó bá lè ṣe é, irọ́ lẹ pa fún gbogbo ayé lórí rédíò láàárọ̀ yìí. Bí kò bá lè ṣe é, irọ́ lẹ pa fún hẹ́dímásítà. Èwo nínú méjèèjì?"

"Ọ̀rọ̀ ọmọdé nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí."

"Ọmọ ọdún mẹ́wàá lèmi!"

Mo ti pariwo. Mo gbọ́ tí ológbò ké níta. Mo mí, mo fọwọ́ ti tábìlì irin.

"Ẹ gbọ́. Mo ti rí i pẹ̀lú ojú ara mi. Àǹtí ò fẹ́ràn mi. Ọ̀lẹ náà ò fẹ́ràn mi. Ooru ara mi ló ń wá. Ọdún méjìlélógójì ni mo fi di ọ̀kan yẹn mú, nítorí òun nìkan ni ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Mo ti jù ú nù. Mo gbà fún yín. Ó ku tiyín. Ta ló gbé Ọ̀lẹ? Ṣe bí ìwọ ni? Ìwọ lo gbé e!"

"Háà!" ni Màámi wí. "Ẹ̀gbọ́n ẹ lò ń pè ní ìwọ?"

"Ẹ má bínú, Màámi."

Ó ti yí ojú sí ẹ̀gbọ́n mi. Ó na ọwọ́ sórí tábìlì, ó wá àpótí náà kàn, ó fi ìka wá èèkàn, ó fà á yọ, ó sì tì í padà. Kó! Ó fetí sí i.

"Dá a lóhùn," ó ní.

"Màámi, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Nínú ìmọ̀ nípa ẹranko..."

"Má fèsì bíi ti rédíò. Fèsì bí ọmọ mi. Mo na ọmọ yìí lọ́jọ́ náà títí pàṣán fi ṣẹ́. Ìwọ lo bá mi wá òmíràn."

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó. Àga ò sí níbẹ̀, orí garawa onídèérí kan ló jókòó lé, dókítà ńlá nínú aṣọ funfun. Ó wo Àǹtí nínú abọ́ fún ìgbà pípẹ́.

"Gbogbo àdúgbò ló ń wá wo àbúrò mi àti ejò rẹ̀," ó ní. "Èmi ni mò ń gbégbá orókè níléèwé, òun ni wọ́n ń wá wò. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ejò náà á wé mọ́ èmi náà lọ́wọ́. Nígbà tí àbúrò mi lọ pọnmi láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ṣí àpótí."

Mi ò fẹ́ bi í. Inú ń bí mi ju kí n bi í lọ. Ẹnu mi ló bi í.

"Ṣé ó wé mọ́ yín?"

"Ó wé. Ó gbé orí lé àtẹ́lẹwọ́ mi." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Mo wá fẹ́ káwọn ọmọ kíláàsì mi rí i pé tèmi ni. Mo fi sínú àpò ìwé mi. Hẹ́dímásítà rán mi lọ kó ìwé lórí tábìlì rẹ̀, ejò ń yọ orí lẹ́nu àpò èjìká mi, mo gbọ́ ẹsẹ̀ hẹ́dímásítà lẹ́yìn mi, ẹ̀rù bà mí. Mo ju ejò náà sínú dúrọ́ọ̀, mo sì ti dúrọ́ọ̀ náà. Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Sọ ọ́ tán," ni Màámi wí. "Sọ ọ́ sókè. Ilẹ̀kùn ẹ nípọn, kí obìnrin ológbò lè gbọ́."

Ó gbé orí sókè. Èmi kọ́ ló wò, Màámi ló wò, ó sì sọ ọ́ sókè.

"Ejò kankan ò tẹ̀lé ọmọ yín, Màámi. Èmi ni mo gbé e. Èmi ni."